NNPC: ẹ bá wọn ra epo, ṣùgbọ́n ẹ má fi ilé ìfọpo lé wọn lọ́wọ́

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ilé epo NNPC. Ilé iṣẹ́ epo ìjọba àpapọ̀ tó ni ilé epo náà, ìràwọ̀ kan àbọ̀ ni, àbọ̀ yẹn gan-an, ojú àánú ni mo fi fún wọn. Ẹni tó bá ń kánjú lè ka ìyẹn kó máa bá ti ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ráyè, kó jókòó, torí ọ̀rọ̀ NNPC kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró.

N kò ṣiṣẹ́ epo rí láyé mi. Ọkọ̀ akérò ni mo fi ń jẹun n'Íbàdàn, láti ìgbà tí 504 ṣì jẹ́ ọba títì títí di ayé Sienna yìí. Kò sí ọjà tí mo ń náwó lé lórí tó bẹntiróòlù. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bí ilé epo ìjọba ṣe ń ṣe sí oníbàárà, àwa onímọ́tò la wà níwájú ìlà.

Ilé epo tí mo máa ń lò ládùúgbò wa ti pààrọ̀ orúkọ ju ẹlẹ́wọ̀n tó sá lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Unipetrol ló wà lára pátákó rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní mọ́tò kò gba ìyẹn o, Esso ló ń pè é títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Nígbà tó yá, ó di Oando. Ní báyìí, NNPC ni. Òpó kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn tó ń fẹ́ táyà máa ń jókòó sí. Tánkà kan ti fi ìdí họ ọ́ lára, ọ̀dà sì bó: ẹ óò rí àwọ̀ kan lábẹ́ òmíràn, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Bí mo bá ń dúró de ṣéńjì, òpó yẹn ni mo máa ń wò. Gbogbo ohun tí ìjọba Nàìjíríà ti fi epo dá lárà ló wà lára rẹ̀.

Ọdún 1976 ni ìjọba ológun ra Esso lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, tí wọ́n sọ ọ́ di Unipetrol. Láàárín àsìkò kan náà ni wọ́n ra ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ka tí Shell fi ń ta epo lójú títì, ìyẹn ló di National Oil. Nígbà tó di 1979, wọ́n gba ti BP pátápátá, nítorí ọ̀rọ̀ epo tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní South Africa. African Petroleum ni wọ́n sọ ìyẹn, AP tí gbogbo wa mọ̀. Ayé ìgbà yẹn, bí onímọ́tò bá yà síbí, ìjọba ni. Bó bá yà sọ́hùn-ún, ìjọba ni, àfi bó bá wá Mobil tàbí Texaco kiri.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní òun kò ṣe òwò mọ́, kí aládàáni máa ṣe é. Ní ọdún 2000, ìpín tó ṣẹ́ kù fún wọn nínú Unipetrol bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni kan, Ocean and Oil. Àwọn yẹn ra Agip mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ di Oando ní 2003. Ní 2016, ilé iṣẹ́ Vitol àti Helios kówó wọ inú ẹ̀ka tó ń ta epo, OVH Energy ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oando ló ṣì wà lára pátákó. Ìgbà tó di oṣù kẹwàá 2022, ta ló wá ra OVH? NNPC! Ilé epo tó lé ní 380 bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ta ilé bàbá rẹ̀ torí pé kò lè tún òrùlé ṣe. Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún ó padà wá fi owó gọbọi rà á lọ́wọ́ ẹni tó bá a tún un ṣe.

N kò sọ pé ríra náà burú fún èmi tí mò ń ra epo. Ọmọbìnrin kan wà lórí pọ́ǹpù kejì, gbogbo onímọ́tò àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Kò ní ki ẹnu rọ́bà bọ táǹkì rẹ láìsọ pé, "Dádì, ẹ bá mi wo mítà o, òdo ni." Á dúró kí o wò ó. Bí o bá ń tẹ fóònù, á tún un sọ. "Ti èló ni kí n fún yín, sà?" Ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Á tẹ nọ́ńbà sí i, mítà á máa sáré, nígbà tó bá ku díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn, á sì dúró gan-an lórí 20,000, kò ní lé, kò ní dín. Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tí kò mọ ọkọ̀ wà kíyè sí: á gbé rọ́bà náà sókè díẹ̀, á gbọ̀n ọ́n sínú táǹkì kó tó yọ ọ́. Ẹ̀kán epo tó bá ṣẹ́ kù sẹ́nu rọ́bà, owó ẹni ni. Níbòmíràn, wọn a fà á yọ wàrà bí ẹni tí iná jó.

Ẹ ò ní mọyì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ óò fi bọ́ sọ́wọ́ olè. Ilé epo aládàáni kan wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì líta mẹ́wàá mi, mítà ka méjìlá, kẹ́ẹ̀gì kò sì kún dé ọrùn. Mo ní kí wọ́n pe mánéjà. Ó jáde, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wò mí, ó ní, "Alàgbà, oòrùn ló mú kẹ́ẹ̀gì yín wú." Àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn. Kẹ́ẹ̀gì kan náà ni mo ṣì ń gbé lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin orí pọ́ǹpù kejì fún jẹnẹrétọ̀ wa nílé. Líta mẹ́wàá níbẹ̀, líta mẹ́wàá ni, wíwú kankan kò ṣe é.

Ní ti iye owó, NNPC ni gbogbo ilé epo yòókù máa ń wò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ tiwọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, NNPC ti gbé iye tuntun jáde: náírà 488 fún líta kan l'Ékòó, 537 l'Ábùjá, ohun tí kò tó 200 tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti di 998 l'Ékòó, 1,030 l'Ábùjá. Àwọn ọmọ mi rò pé àlọ́ ni mò ń pa nígbà tí mo sọ fún wọn pé kọ́bọ̀ 20 ni líta kan nígbà Shagari, àti pé àwọn èèyàn ṣì ń pariwo nígbà náà pé ó wọ́n.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta 2025. Dangote já owó epo rẹ̀ wálẹ̀, NNPC náà já tirẹ̀ wálẹ̀ l'Ékòó sí 860. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ra epo, n kò rí i kí ilé epo ìjọba máa sáré tẹ̀lé oníṣòwò kankan rí. Wọ́n máa ń fi owó lé e, a máa ń san án, ó tán. Nítorí náà, ìràwọ̀ kan nínú mẹ́rin tí mo fún wọn, Dangote ló bá wọn gbà á. Ìyàwó mi ní kí n má gbàgbé gáàsì ìdáná o: níbi tí wọ́n bá ti ń ta á, kí ẹ rí i pé wọ́n gbé ìgò yín lófìfo lé òṣùwọ̀n ná kí wọ́n tó so rọ́bà mọ́ ọn. Ibi tó ti ń rà á, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n. Ìràwọ̀ karùn-ún, n kì í fún ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé epo, ibi tí mo ti ń fa ojú ro.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo ní Nàìjíríà. Ní 1908, Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́lẹ̀ ní agbègbè Òkìtìpupa. Ogun àgbáyé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 ló tú wọn ká. Ọ̀dà ilẹ̀ tí wọ́n wá débẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní olónìí, kò sí ẹni tó rí i lò bó ṣe yẹ. Shell D'Arcy dé ní 1937, ìjọba amúnisìn sì yọ̀ǹda gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà fún wọn láti máa wá epo kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́. Ó di 1956 kí wọ́n tó rí èyí tó ṣeé tà, ní Oloibiri, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. Ní 1958 ni èyí tó kọ́kọ́ lọ sókè òkun kúrò nílẹ̀ wa, nígbà tí gbogbo ohun tí wọ́n ń wà kò ju àgbá 5,100 lọ lójúmọ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, bíi bàbá onílé ni ìjọba ṣe jókòó: òyìnbó ń wà á, òyìnbó ń tà á, ìjọba ń gba owó ilẹ̀ àti owó orí.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, tí wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ OPEC, ló sọ ọ́ ní 1968 pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá bí yóò ṣe ní ìpín tirẹ̀ nínú epo ilẹ̀ rẹ̀. Nàìjíríà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lójú ogun Biafra tí owó sì ń wù ú, wọ ẹgbẹ́ náà ní 1971. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá NNOC sílẹ̀, bàbá NNPC. Kékeré ni NNOC, kò lérò, kò ní ìrírí, ṣùgbọ́n òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó lórúkọ ìjọba.

Wàyí o, ibi tí wọ́n ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, èrò tèmi nìyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1977, nígbà tí Obasanjo jẹ́ olórí ìjọba ológun, wọ́n fi àṣẹ nọ́ńbà 33 pa NNOC àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó epo pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Òun ni wọ́n pè ní NNPC. Ẹni tó ń ta epo wá di ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ń ta epo. Ọlọ́pàá àti ọlọ́jà wọ ẹ̀wù kan náà, ta ni yóò mú ta ni? Festus Marinho ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Alága rẹ̀ ni ọ̀gágun kan tó jẹ́ kọmíṣánnà àpapọ̀ fún epo nígbà náà, Muhammadu Buhari. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, ó ń padà bọ̀.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí ariwo fi gba ìlú pé bílíọ̀nù 2.8 náírà ti sọnù nínú owó epo. Àwọn àgbà yín á rántí. Ní 1980, Shagari gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ayo Irikefe ló darí rẹ̀, wọ́n sì jábọ̀ pé owó kankan kò sọnù. Àbọ̀ ìwádìí náà kò pa ariwo náà lẹ́nu. Bí iléeṣẹ́ kan kò bá ń gbé ìwé owó rẹ̀ síta, ohun tí yóò máa bá a rìn nìyẹn: bí o kò bá jalè, wọ́n á ní o jalè. Lọ́dún 2013, Sanusi tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ tún kọ ìwé pé òun kò rí bílíọ̀nù 49.8 dọ́là nínú owó epo. Wọ́n jọ ṣe ìṣirò títí, ó bọ́ sí bílíọ̀nù 20 nínú ohun tó ń sọ. Kí á tó rí òpin ọ̀rọ̀ náà, Jonathan ti ní kó lọ rọ́kún nílé.

Ilé ìfọpo gan-an ló gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mẹ́rin ni wọ́n. Èyí tó dàgbà jù wà ní Alesa-Eleme lẹ́bàá Port Harcourt, 1965 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òyìnbó ló kọ́ ọ. Warri tẹ̀ lé e ní 1978, Kàdúná ní 1980, wọ́n sì kọ́ òmíràn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí Port Harcourt ní 1989. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, àgbá 445,000 ni wọ́n yẹ kó máa fọ̀ lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti Kàdúná, torí òun ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Kò sí kànga epo kankan nítòsí Kàdúná. Láti ìsàlẹ̀ Niger Delta ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbé epo rọ̀bì la inú igbó kọjá, ó ju 600 kìlómítà lọ, kó tó débẹ̀. Ìyẹn ò tíì tó. Apá kan nínú ilé ìfọpo náà wà fún epo ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà títì, epo rọ̀bì tó ki gan-an ló sì ń fẹ́, irú èyí tí ilẹ̀ wa kì í sábà mú jáde. Nítorí náà, Nàìjíríà tó ń ta epo rọ̀bì fún gbogbo ayé ní láti máa ra epo rọ̀bì láti ibi bíi Venezuela, kó gbé e gba orí òkun, kó tún fi ọ̀pá fà á lọ sí òkè ọya. Ẹni tó ní mọ́tò kan ṣoṣo kò ní ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Òṣèlú ló kọ́ wọn, òṣèlú náà ni kò jẹ́ kí wọ́n tún wọn ṣe lásìkò. Onímọ́tò tó bá ń ṣe sáfíìsì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ilé ìfọpo náà ní àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró pátá, kí wọ́n tú u, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó ti jẹ. Wọ́n ń fò ó. Ọdún kan, ọdún méjì, ìjọba kan á sún un sí ìjọba tó ń bọ̀. Títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi gbé bẹntiróòlù wọlé láti ìlú tí kò ní kànga epo kan ṣoṣo.

Ní oṣù karùn-ún 2007, tí Obasanjo ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Aso Rock, ìjọba ta ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ti Port Harcourt fún Bluestar, àwọn Dangote àti Otedola, ní mílíọ̀nù 561 dọ́là. Ti Kàdúná náà, mílíọ̀nù 160. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fárígá, wọ́n ní wọ́n ti fi ogún ìlú ta ọrẹ. Èmi náà wà nínú àwọn tó ń patẹ́wọ́ fún wọn ní gáréèjì. Ìjọba Yar'Adua fagi lé e, wọ́n dá owó padà fún àwọn tó rà á. Dangote kó owó rẹ̀, ó lọ kọ́ tirẹ̀ sí Lẹ́kìí, àgbá 650,000 lójúmọ́, ó ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìjọba pa pọ̀ lọ. NNPC wá lọ bá a ní 2021 pé àwọn fẹ́ ra ìdá 20 nínú rẹ̀. Wọ́n san bílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀, wọn kò san ìyókù pé, ìdá 7.2 ni wọ́n kù sí.

Lọ́dún 2021 yẹn kan náà, ìjọba fọwọ́ sí bílíọ̀nù 1.5 dọ́là fún àtúnṣe Port Harcourt. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2024, wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tó kéré, tó ń fọ àgbá 60,000. Tẹlifíṣọ̀n gbé e, tánkà tò lọ bẹẹrẹ, àwọn ọ̀gá ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ti Warri tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 30 oṣù kejìlá. Kò pé oṣù kan tí Warri tún kú. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2025, wọ́n ti Port Harcourt náà, wọ́n ní àtúnṣe ni. Oṣù mẹ́fà! Mọ́tò tí mo bá gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tó jáde, tó tún padà láàárín oṣù mẹ́fà, mẹkáníìkì yẹn kò tún ní fojú kan owó mi mọ́.

Ti ọ̀pá epo, àwa ará Ìbàdàn mọ̀ ọ́n ju ẹni tó wà l'Ábùjá lọ. Láti Atlas Cove l'Ékòó, ọ̀pá kan gba Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù, ó dé Àpáta n'Íbàdàn níbí, ó tẹ̀ síwájú dé Ìlọrin. Bí epo bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, Àpáta á máa hó, tánkà á tò, ìyá olóúnjẹ á tà, epo á sì dé ilé epo láìgun títì márosẹ̀. Bí ọ̀pá bá gbẹ, tánkà á ní láti lọ fa epo láti Apápá, ẹ sì mọ ohun tí ojú ń rí lójú ọ̀nà Apápá. Ẹni tó san owó yẹn ni ẹni tó ń wọkọ̀. Kì í ṣe NNPC nìkan ló ṣẹ̀ níbẹ̀ o. Àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀pá jí epo kò jẹ́ kó sinmi. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì 2006, ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn jóná níbi tí wọ́n ti ń gbọ́n epo. Ní Arépo, lọ́dún 2012, wọ́n yìnbọn pa àwọn òṣìṣẹ́ NNPC tó lọ tún ọ̀pá ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, n kò ní ìràwọ̀ tó tó fún wọn.

Buhari padà dé lóòótọ́. Ọ̀gágun tó jẹ́ alága nígbà tí wọ́n ń bí NNPC di Ààrẹ alágbádá, ó sì tún fi ara rẹ̀ ṣe mínísítà epo. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 2021, ó fọwọ́ sí òfin epo tuntun, PIA, tí àwọn aṣòfin ti ń gbé kiri fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní oṣù keje 2022, ó ṣí aṣọ lójú NNPC Limited, ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ aládàáni yòókù, tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 200 náírà. Ohun tó dáa jù nínú òfin náà ni pé ó yan ọlọ́pàá tuntun méjì tí kì í ṣe ọlọ́jà: NUPRC ń ṣọ́ àwọn tó ń wà á, NMDPRA ń ṣọ́ àwọn tó ń fọ̀ ọ́ àti àwọn tó ń tà á. Ní 1988 ni wọ́n ti kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù ọlọ́pàá kúrò lára NNPC, tí wọ́n dá iṣẹ́ ìṣọ́ padà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó epo; ohun tí kò yẹ kí wọ́n dà pọ̀ rárá ní 1977 ni.

Òfin náà ní kó máa pa owó bí oníṣòwò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ń pa á. Ìwé owó ọdún 2020 ló kọ́kọ́ fi èrè hàn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, bílíọ̀nù 287 náírà. Ti 2023, wọ́n ní ó lé ní tírílíọ̀nù mẹ́ta. Mo patẹ́wọ́ ní ìwọ̀nba. Nítorí ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé iṣẹ́ kan náà jáde pé gbèsè àwọn tó ń kó bẹntiróòlù wá fún un ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èmi ò kàwé ìṣirò owó, ṣùgbọ́n n kò tíì rí onímọ́tò tó jèrè tó báyẹn tí kò lè sanwó epo. Àwa tí wọ́n ní a ni ín náà, kò tíì sí ibi tí a ti lè ra ìpín rẹ̀: iléeṣẹ́ ìjọba méjì ló di gbogbo rẹ̀ mú ní orúkọ wa.

Ó ní ibi kan tí NNPC ti rí ṣe dáadáa, ẹnu mi kò ní wúwo láti sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ gáàsì tó wà ní Bonny, NLNG: 1989 ni wọ́n dá a sílẹ̀, láti 1999 ló sì ti ń kó gáàsì lọ sókè òkun. Ìdá 49 ni ti NNPC níbẹ̀. Shell, Total àti Eni ló pín ìyókù. Ibi tí wọn kò ti lè dá pàṣẹ nìkan, iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé. Ibi tí wọ́n ti dá ni gbogbo rẹ̀, ọdún dé ọdún ni wọ́n ń tún un ṣe.

Ọmọ Kwara ló wà nídìí rẹ̀ báyìí, Bayo Ojulari, láti oṣù kẹrin 2025, ọmọ Shell àtijọ́ ni. Ní oṣù keje ọdún yẹn ó sọ pé títa àwọn ilé ìfọpo kò kúrò nínú ohun tí àwọn ń gbé yẹ̀ wò. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n tún ní àwọn kò ní ta ti Port Harcourt. Èmi ò ní kí wọ́n tà á tán, mo ti rí ohun tí títà àti rírà padà ń dá sílẹ̀. Kí wọ́n mú ìdá 49 níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe ní Bonny, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ti fọ epo rí di ìyókù mú, kó sì máa gbé ìwé owó rẹ̀ jáde lọ́dọọdún kí gbogbo wa rí i. Bí wọ́n bá ṣe ìyẹn, màá padà wá tún ìràwọ̀ wọn kà.